Níbo Ni Ká Ti Wá Olórin fún Ẹgbẹ́ Rọ́ọ̀kì Aṣèrántí? Ìfiwéra Ọ̀nà Márùn-ún fún Ẹni Tí Ń Gbé London

Ẹgbẹ́ aṣèrántí ni ẹgbẹ́ olórin tí kì í gbé orin tirẹ̀ jáde, tí ó jẹ́ pé orin ẹgbẹ́ olókìkí kan ni ó mú bí iṣẹ́, tí ó sì ń kọ ọ́ níwájú èrò gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ni ín ṣe kọ ọ́ sínú àwo. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti 1980 ni ẹgbẹ́ Bootleg Beatles ti ń kọ orin àwọn Beatles, Australian Pink Floyd Show tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Adelaide ní 1988 náà sì ti di ẹgbẹ́ tí ń kọrin ní gbọ̀ngàn ńláńlá. Àwọn tí mo ń kọ̀wé yìí fún kò tíì dé ibẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé London tàbí ìtòsí rẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, ẹni tí ó ní gìtá nílé, tí ó ti mọ ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ ṣèrántí, ṣùgbọ́n tí kò rí ẹni tí wọn yóò jọ lù ú.

Ipò tí èmi náà wà nìyẹn nígbà tí mo pinnu láti dá ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta sílẹ̀ fún orin Jimi Hendrix Experience, ẹgbẹ́ Jimi Hendrix, onígìtá rọ́ọ̀kì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Mo ní gìtá, mo sì lè kọrin. Onílù àti onígìtá béèsì, ìyẹn gìtá tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ni n kò ní. Gbogbo ọ̀nà márùn-ún tí mo fẹ́ fi wéra yìí ni mo gbà. Mo fi oṣù púpọ̀ ṣòfò lórí àwọn kan, mo sì rí èrè lórí àwọn mìíràn, ohun tí ó sì yé mi ni pé àga tí ó ṣófo nínú ẹgbẹ́ ni ó yẹ kí ó pinnu ibi tí a ó ti wá ẹni tí yóò jókòó sí i. Ibi tí a ti ń rí onílù kọ́ ni a ti ń rí olóhùn.

Ohun tí a ó fi díwọ̀n wọn

Owó ni àkọ́kọ́. Owó ìkéde kò tó nǹkan. Yàrá ìdánrawò ni ó ń jẹ owó. Ní London, yàrá tí ó ní ìlù àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè nínú máa ń tó bíi pọ́n-ùn 10 sí 25 fún wákàtí kan, ó sì máa ń wọ́n jù ní ìrọ̀lẹ́ àti ní òpin ọ̀sẹ̀, tí í ṣe ìgbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ráyè. Bí ẹ bá dán ènìyàn mẹ́fà wò fún wákàtí méjì méjì, tí kò sì sí ẹni tí ó bá yín mu nínú wọn, ẹ ti san owó tí ì bá ra gìtá kan. Nítorí náà, ọ̀nà tí ó jọ ọ̀fẹ́ lè di èyí tí ó wọ́n jù bí ó bá ń kó àwọn tí kò yẹ wá sí ẹnu ọ̀nà yín.

Èkejì ni ìdánilójú, ìyẹn ni pé ṣé ẹni náà yóò ṣì máa wá ní Ọjọ́bọ̀ kẹfà, nígbà tí òjò ń rọ̀, tí kò sì tíì sí ẹni tí ó pè yín sí òde kankan.

Ẹ̀kẹta ni ìbámu, òun ni mo sì ka sí jù. Ẹ wo bí ẹgbẹ́ Hendrix fúnra rẹ̀ ṣe kóra jọ. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1966, Chas Chandler, tí ó ti ta béèsì fún ẹgbẹ́ Animals, mú Hendrix wá sí London láti New York. Noel Redding wá ṣe ìdánwò bí onígìtá fún ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n sì gbé béèsì lé e lọ́wọ́. Ní ti onílù, ọkàn wọn pín sí méjì láàrin Mitch Mitchell àti Aynsley Dunbar, wọ́n sì ju ẹyọ owó sókè kí wọ́n tó mú Mitchell. Àwọn yẹn lè ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ohun tuntun ni wọ́n fẹ́ dá; ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sídìí ìlù ni yóò sọ bí ìlù náà yóò ṣe máa dún. Iṣẹ́ tiwa yàtọ̀. Orin ti wà nínú àwo, àwọn tí ó sanwó wọlé ti mọ̀ ọ́n sórí láti kékeré, wọ́n sì ń dúró de ibi tí ìlù ti máa wọlé. Olórin tí ó mọṣẹ́ ju gbogbo yín lọ lè kọ̀ láti lù ú bí ẹlòmíràn ṣe lù ú, kò sì sí ẹ̀bi níbẹ̀. Ọkàn tirẹ̀ kò fà sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù pọ̀ ju ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti sin ìró tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀.

Ẹ ka iye àga náà pẹ̀lú. Orin Hendrix kò ju ẹni mẹ́ta lọ. Orin Thin Lizzy ń béèrè onígìtá méjì tí wọn yóò jọ máa ta ohùn orin kan náà ní ìpele méjì. Queen ń fẹ́ ẹni mẹ́rin tí ó kéré tán mẹ́ta nínú wọn lè gbe orin. Pink Floyd ń fẹ́ atẹdùùrù àti àwọn agberin. Àga kọ̀ọ̀kan tí ó bá lé jẹ́ ẹnì kan sí i tí iṣẹ́, ọmọ, àti ọkọ̀ ojú irin lè dí lọ́wọ́ ní ọjọ́ ìdánrawò. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo gbà yín níyànjú pé kí ẹ mú ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún àwa Yorùbá: ẹgbẹ́ BLO ti ìlú Èkó, ìyẹn Berkley Jones, Laolu Akintobi àti Mike Odumosu, àga mẹ́ta kan náà ni wọ́n lò nígbà tí àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1973. Onígìtá, onílù àti oníbéèsì tí ó bá ti kọ́ orin Hendrix kò ní í jìnnà sí tiwọn, inú àwọn àgbàlagbà tí ó gbọ́ orin náà nígbà èwe wọn ní Èkó yóò sì dùn gan-an bí ẹ bá fi méjì nínú rẹ̀ kún òde yín.

Ìkéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. JoinMyBand kì í gba owó. BandMix ń jẹ́ kí ènìyàn ṣí ojú ewé tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gba owó oṣooṣù lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ lo gbogbo àǹfààní ibẹ̀. Gumtree ní abala fún àwọn olórin, Facebook sì ní ẹgbẹ́ fún àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Nípa iye ènìyàn tí yóò gbọ́, kò sí ọ̀nà tí ó tó o. Nípa ìdánilójú, òun ni ó kẹ́yìn. Lẹ́yìn ìkéde mi àkọ́kọ́, ènìyàn mọ́kànlá ni ó kọ̀wé sí mi láàrin oṣù kan. Mẹ́rin ni ó wá sí yàrá ìdánrawò, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sì wá lẹ́ẹ̀kejì.

Apá kan ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi, nítorí pé mo kọ ọ́ pé mò ń wá onílù fún ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì, mo sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń kọ ìkéde mọ̀. Ní 1968, Brian May àti Tim Staffell lẹ ìwé mọ́ pátákó ìkéde ní Imperial College, London, láti wá onílù, wọ́n sì dárúkọ Ginger Baker, onílù ẹgbẹ́ Cream, àti Mitch Mitchell gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tí wọ́n ń wá. Ìwé náà dé etígbọ̀ọ́ Roger Taylor, tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín nígbà náà, ẹgbẹ́ Smile tí wọ́n jọ dá sílẹ̀ ni ó sì padà bí Queen. Ní Los Angeles ní 1981, Lars Ulrich fi ìkéde sínú ìwé ìròyìn The Recycler, ó dárúkọ àwọn ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ràn orin wọn, James Hetfield sì dáhùn. Ibẹ̀ ni Metallica ti ṣẹ̀. Orúkọ tí wọ́n dá nínú ìkéde méjèèjì ni ó ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tí kò mọ ìlù Mitchell yóò kàn ka ìwé náà kọjá ni, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò sì dúró.

Nígbà tí mo tún ìkéde mi kọ, mo dárúkọ Mitchell, mo sọ orin mẹ́ta tí a ó fi ṣe ìdánwò, mo sọ ọjọ́ àti àdúgbò, mo sì sọ gbangba pé kò tíì sí owó. Ẹni mẹ́ta péré ni ó dáhùn, gbogbo wọn ni ó wá, gbogbo wọn ni ó sì ti gbọ́ orin náà kí wọ́n tó wọlé. Ẹ béèrè fídíò pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi fóònù ká láìṣe àtúnṣe kankan sí i. Ní 2007, orí YouTube ni Neal Schon ti ẹgbẹ́ Journey ti rí Arnel Pineda, ọmọ ilẹ̀ Philippines tí ń kọ orin Journey pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Manila, tí ó sì di olóhùn Journey gan-an. Ohun tí fídíò lè sọ fún yín nípa olóhùn pọ̀. Ohun tí ó lè sọ nípa onílù kéré, nítorí pé ẹni tí ń dá lu ìlù fún ara rẹ̀ kò tíì fi hàn wá bóyá ó ń fetí sí ẹlòmíràn.

Olóhùn àti onígìtá pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí omi. Onílù kò pọ̀, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ilé ní London ni ó gba ìlù, ẹni tí ó sì ní ìlù àti ọkọ̀ tí yóò gbé e ti máa ń ní ẹgbẹ́ méjì mẹ́ta lọ́rùn. Ẹ má ṣe pe àlejò wá sí ilé yín fún ìpàdé àkọ́kọ́, ẹ má sì fi owó ṣáájú sí ọwọ́ ẹni tí ẹ kò tíì rí.

Alẹ́ àjọlù àti yàrá ìdánrawò

Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ní London máa ń ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ tí olórin èyíkéyìí lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì pè é gun ìtàgé láti bá àwọn onílé, ìyẹn àwọn olórin tí ń ṣeré níbẹ̀ déédéé, lu orin méjì tàbí mẹ́ta. Èyí tí ó jẹ́ ti blúùsì, orin tí àwọn ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ni ó dára jù fún wa, nítorí pé láti inú blúùsì ni orin Hendrix ti jáde. Àwọn ibi bíi Ain't Nothin But ní Kingly Street, ní Soho, ti lókìkí fún irú orin bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó rí níbẹ̀ ni ohun tí ìkéde kò lè fi hàn. Ẹ ó rí bí onílù ṣe ń rẹ ìlù rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí olóhùn bá bẹ̀rẹ̀, bóyá oníbéèsì ń wojú onílù tàbí ó ń wo ìka ara rẹ̀, àti bí ẹni náà ṣe ń ṣe nígbà tí orin bá dojú rú. Mo máa ń wo ìparí orin ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ: àwọn tí kò tíì pàdé rí, tí wọ́n sì parí orin lẹ́ẹ̀kan náà, etí wọn là. Owó tí yóò ná yín kò ju owó ọkọ̀ àti ohun mímu lọ, ṣùgbọ́n ó ń gba àkókò. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún kí wọ́n tó mọ̀ yín sí ẹni tí ń bọ̀ déédéé, nítorí kò sí olórin gidi tí yóò bá àlejò ọjọ́ kan dá ẹgbẹ́. Ẹ bá olórí àwọn onílé sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń kó okùn jọ. Òun ni ó mọ ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú.

Ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdánrawò náà mọ̀ púpọ̀. Ó mọ ẹni tí ń pẹ́ dé, ẹni tí ń fọ́ nǹkan, àti ẹni tí ń dá wá ṣe ìdánrawò nìkan nítorí pé kò ní ẹgbẹ́. Ọ̀dọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa oníbéèsì tí a jọ wà títí di òní.

Àléébù ọ̀nà yìí ni pé ẹni tí ó fẹ́ràn alẹ́ àjọlù fẹ́ràn òmìnira. Lónìí ó lù ú báyìí, lọ́la ó lù ú bọ́hùn-ún. Fún orin Hendrix, a lè gbà á láyè díẹ̀, nítorí òun náà kì í ta orin kan bákan náà lẹ́ẹ̀mejì lórí ìtàgé. Fún Pink Floyd tàbí Queen, irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò sú yín, ẹ̀yin náà yóò sì sú u.

Ilé ìjọsìn

Ọ̀nà yìí ni àwọn ìwé ìtọ́ni tí àwọn Òyìnbó ń kọ fún ara wọn kì í mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni èmi ti rí onílù mi. Ní Southwark nìkan, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Roehampton ka nǹkan bí 240 ìjọ àwọn ènìyàn dúdú ní 2013, púpọ̀ nínú wọn ní Peckham àti Old Kent Road, nínú ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rù àtijọ́. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù, ìlù wà, béèsì wà, dùùrù wà, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti wà nídìí wọn láti ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi gbogbo.

Ẹ wo ohun tí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń fún ènìyàn. Olórí akọrin lè dá orin sílẹ̀ láìsọ ohùn tí ó fẹ́ gbé e sí; kí ó tó kọ ìlà kejì, oníbéèsì ti bá a níbẹ̀. Onílù ń wo ọwọ́ olùdarí, ó mọ ìgbà tí a fẹ́ gbé e sókè àti ìgbà tí a fẹ́ rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n lè lu ìlù fún wákàtí méjì láìsinmi, ojú èrò kò sì já wọn láyà. Kò sí owó ilé ẹ̀kọ́ tí ó lè ra irú ìrírí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà ní ìṣarasíhùwà tirẹ̀. Onílù ìjọ fẹ́ràn láti fi ọ̀ṣọ́ kún gbogbo àlàfo. Bí ẹ bá mú un wá sí ẹgbẹ́ tí ń ṣèrántí AC/DC, tí Phil Rudd, onílù wọn nínú àwo, ti lu ìlù kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìfi ohunkóhun kún un, yóò dàbí ẹni tí a dè lọ́wọ́. Fún orin Hendrix, ọ̀rọ̀ náà yí padà pátápátá. Ọmọ jáàsì ni Mitch Mitchell, ìlù rẹ̀ ń yí ká, ó ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ gìtá láìdákẹ́, ó sì ń dá gìtá lóhùn. Nígbà tí mo fún onílù mi ní àwo náà láti gbọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó padà wá pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni yìí ń lù bíi pé ó wà nínú ìyìn." Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti balẹ̀. Oníbéèsì ìjọ ni ó le díẹ̀: olókùn márùn-ún ni béèsì tí ọ̀pọ̀ wọn ń ta, wọ́n sì ń rìn káàkiri lórí rẹ̀, nígbà tí ti Redding lọ tààrà, tí ó sì dúró sójú kan kí gìtá lè rí àyè. Oníbéèsì tí kò bá lè fara da àìṣe púpọ̀ kò ní í gbádùn rẹ̀.

Àkókò ni ìṣòro tí ó tẹ̀lé e. Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ti Àbámẹ́ta ni àwọn ilé ọtí ń pe ẹgbẹ́ aṣèrántí; ọ̀pọ̀ ìjọ ń ṣe ìṣọ́ òru ní ọjọ́ Ẹtì, ìdánrawò akọrin sì máa ń bọ́ sí Àbámẹ́ta. Ẹ béèrè kàlẹ́ńdà ìjọ rẹ̀ kí ẹ tó béèrè bí ó ṣe mọ ìlù tó. Bákan náà ni ẹ̀rí ọkàn. Àwọn kan kò ní í wọ ilé ọtí láti ṣeré, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀bẹ̀ tàbí owó fa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀, ẹ fi àkójọ orin hàn án kí ó ka ọ̀rọ̀ inú wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ rò ó. Bí ó bá gbà, kí ó sọ fún olórí akọrin rẹ̀ fúnra rẹ̀, tàbí kí ẹ jọ lọ kí bàbá náà, kí ó má baà dàbí ẹni pé ẹ jí ènìyàn kó. Ìgbà tí mo lọ kí olórí akọrin tiwa, ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè: pé kí n máa dá ọmọ náà padà sílé ní àkókò tí yóò fi lè jí fún ìsìn òwúrọ̀. Mo ń pa á mọ́.

Ọ̀rọ̀ òfin wà pẹ̀lú, ó sì kan àwọn ọ̀dọ́ wa gidigidi. Ẹni tí ó wà ní ilẹ̀ Bìrìtéènì pẹ̀lú fisà akẹ́kọ̀ọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ bí olórin tàbí òṣèré, kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá iṣẹ́ ti ara rẹ̀ ṣe. Ẹ béèrè èyí tààrà kí ẹ tó gba òde tí owó wà níbẹ̀. Ìyà rẹ̀ lè wúwo lórí rẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ orin

Ilé ẹ̀kọ́ orin ICMP wà ní Kilburn, ní London. BIMM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Brighton ní 2001, ní ẹ̀ka ní London. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ka orin láti inú ìwé, wọ́n ń tètè kọ́ apá tí a bá fún wọn, wọ́n sì ní ohun èlò. Ẹgbẹ́ tí orin rẹ̀ lọ́jú pọ̀, bíi Queen tàbí Pink Floyd, lè rí atẹdùùrù àti agberin gidi láàrin wọn. Ṣùgbọ́n orin tiwọn ni púpọ̀ nínú wọn fẹ́ gbé jáde, wọ́n ń tú ká nígbà ìsinmi, wọn a sì kó lọ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá parí. Ohun tí mo sọ nípa fisà kan ibí náà. Mo ka ọ̀nà yìí sí ìrànwọ́ ọdún kan.

Adelé olówó

Bí adelé ọba ṣe ń jókòó de ẹni tí yóò jọba, bẹ́ẹ̀ náà ni olórin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti gba ipò ẹni tí kò sí nílé fún alẹ́ kan. Olórin àgbàṣe ni, kò sì sí ẹni tí ó tó o nínú ìdánilójú: yóò kọ́ orin ogún láti orí àwo nílé rẹ̀, yóò dé ní àsìkò, yóò lù ú, yóò gba owó, yóò sì lọ. Ẹni tí ó mọṣẹ́ kì í sábà gba ohun tí ó kéré sí pọ́n-ùn 100 fún alẹ́ kan, ìdánrawò sì ní owó tirẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn wà nínú Musicians' Union, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti wà láti 1893, tí ó sì ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ní ìbánigbófò tí ó tó mílíọ̀nù 10 pọ́n-ùn bí ìjàǹbá bá ṣe aráàlú níbi eré.

Iṣẹ́ tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀ fún un: àwo tí ẹ ń tẹ̀ lé, ohùn orin kọ̀ọ̀kan, àti bí ẹ ṣe ń parí rẹ̀. Hendrix sábà máa ń dẹ okùn gìtá rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ohùn. Adelé oníbéèsì tí a kò sọ èyí fún yóò gun ìtàgé pẹ̀lú okùn tí kò bá tiyín mu.

Ìṣirò rẹ̀ kò nira. Bí ilé ọtí bá ń san pọ́n-ùn 250 fún gbogbo ẹgbẹ́, tí adelé méjì sì wà nínú yín, ó ku pọ́n-ùn 50 tàbí kí ó má kù rárá, ẹ kò sì tíì san owó ọkọ̀. Ẹgbẹ́ kò lè fi ọ̀nà yìí dàgbà. Ìwúlò rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí àwọn tí ẹ ti rí tú ká. Nígbà tí a ti ní oníbéèsì tí onílù kò sì tíì sí, mo háyà adelé fún òde kan ṣoṣo. Inú oníbéèsì mi dùn lálẹ́ náà débi pé ó fara da oṣù mẹ́ta tí ó tẹ̀lé e, tí a fi ń wá onílù.

Ta ni kí ó gba ọ̀nà wo?

Bí ó bá jẹ́ olóhùn tàbí onígìtá kejì ni ẹ ń wá, ìkéde lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ gbà, pẹ̀lú orúkọ ẹgbẹ́ àti orin mẹ́ta nínú rẹ̀, kí ẹ sì wo fídíò mẹ́wàá kí ẹ tó pe ẹni méjì. Bí ó bá jẹ́ oníbéèsì, alẹ́ àjọlù ni kí ẹ lọ, nítorí pé ìwà oníbéèsì pẹ̀lú onílù ni ó ṣe pàtàkì, ojúkojú sì ni a ti ń rí i.

Fún onílù, ẹ wo irú orin tí ẹ mú. Ẹgbẹ́ tí ìlù rẹ̀ kún, tí ó ń yí ká, bíi ti Mitchell tàbí ti Ginger Baker, ilé ìjọsìn ni kí ó kọ́kọ́ lọ, kí ó sì ní sùúrù fún kàlẹ́ńdà ibẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ìlù rẹ̀ dúró gbọn-in, tí kò fẹ́ ọ̀ṣọ́, yóò rí tirẹ̀ ní yàrá ìdánrawò láàrin àwọn àgbà tí wọ́n ti ń lu rọ́ọ̀kì láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe Pink Floyd tàbí Queen, tí kò sì ní atẹdùùrù, kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́, ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí àwọn tuntun kò tíì mú ẹgbẹ́.

Ẹni tí òde ti wà nílẹ̀ fún, tí ọjọ́ rẹ̀ kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́, kí ó má wulẹ̀ kọ ìkéde. Kí ó pe adelé, kí ó san owó rẹ̀ pé, kí ó sì bi í léèrè kí ó tó wọ ọkọ̀ bóyá ó mọ onílù kan tí kò ní ẹgbẹ́.